Bàbá Ìlédìí àti Omi Kẹrin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlédìí ọmọ ìkókó mọ́ lóòótọ́, ẹ má fi ojú wò ó. Ojú a máa purọ́. Ẹ bu omi tútù sínú abọ́ funfun, ẹ ju ìlédìí náà sí i, ẹ fi ọwọ́ rú u dáadáa, kí ẹ wá dúró. Bí omi náà bá dákẹ́ bó ṣe wà, ẹ lọ fi wé ọmọ yín. Bó bá hó, á jẹ́ pé ọṣẹ ṣì ń gbé inú aṣọ náà bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ìlédìí tí mo rò pé ó mọ́ bí ẹyin tí wọ́n bó ni mo lò. Ìfófòó tó yọ níbẹ̀, mo pariwo!

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin alágbàfọ̀ kan ni mo ti kọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ìlédìí, ó sì ń jẹ́ ẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń fọ́nnu.

Kì í ṣe pé ó dìídì yan iṣẹ́ ìlédìí. Aṣọ àgbà ló ń fọ̀ tẹ́lẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, aṣọ ìbora, kọ́tìnì tó bá mu omi tán tó wúwo bí òkú ẹran. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn, àìsàn dá obìnrin náà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sì sí ẹlòmíràn nílé. Ọkọ ká apá aṣọ sókè, ó kó ìlédìí ọmọ rẹ̀ síta, ó jókòó tì í. Àwọn ọkùnrin tó ń kọjá kò jẹ́ kó sinmi.

"Alágbàfọ̀, ṣé ìwọ lo bímọ náà ni?"

"Èmi kọ́," ló dá wọn lóhùn, "àmọ́ nígbà tí wọ́n ń pín adùn rẹ̀, mo wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ adùn ọmọ ò gbọdọ̀ dímú sí òórùn rẹ̀."

"Ó dáa o, Bàbá Ìlédìí!" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmọ́ àwọn obìnrin àdúgbò kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ tó wà lórí okùn ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí i pé ìlédìí ọkùnrin yìí funfun, ó rọ̀, kò sì gan bí páálí. Ọ̀kan bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fọ tòun. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí ó tó mọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ti di àlejò lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìlédìí ti di onílé.

Ogún ọdún ti kọjá lórí ìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ilé márùn-ún ló ń fọ̀ fún, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ tó rán sí igun ìlédìí wọn kí ti ẹnì kan má bàa lọ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìnkùlé náà: pèpéle sìmẹ́ńtì tí omi ti jẹ ojú rẹ̀, ọpọ́n páànù mẹ́rin tó tò láti ọ̀tún sí òsì, ìkòkò ńlá tó fi ń gbé omi gbígbóná, àti okùn mẹ́fà tó na láti ara ògiri dé ara ògiri. Omi kìíní, tútù ni, láti ṣan ìdọ̀tí lọ. Omi kejì, gbígbóná, òun ni ti ọṣẹ. Omi kẹta ń kó ọṣẹ jáde. Omi kẹrin ń kó ohun tí omi kẹta gbàgbé. Lẹ́yìn omi kẹrin ni yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ọwọ́ méjèèjì ra á. Bó bá yọ̀, ó tún di omi mìíràn nìyẹn.

"Omi kẹta ń fọ ìlédìí," ló máa ń wí. "Omi kẹrin ń fọ ọkàn mi."

Ọṣẹ tó ń lò kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ọṣẹ gbọọrọ tó rí bákan ṣáá ni, tó ń fi ọ̀bẹ ha wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú omi gbígbóná. Kò sẹ́ni tó lè yin irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ọmọkùnrin oṣù mẹ́rin ló gbé dání, iṣẹ́ sì kún ojú máṣíìnì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe wá bá a gbé, láti bá a tọ́jú ọmọ. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ìlédìí gbé ẹrù dé, aránṣọ mú ìlédìí kan, ó gbé e sí imú.

"Bàbá, ó mọ́ o. Àmọ́ kò ní òórùn kankan."

"Ṣé ó yẹ kó rùn ni, Ìyá Ìkókó?"

"Ẹ̀yin náà! Kì í ṣe kó rùn. Kó máa ta sánsán! Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń kó tirẹ̀ lọ sílé ìfọṣọ onímáṣíìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yẹn. Bí ẹ bá gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ẹ ó rò pé òdòdó lẹ gbé."

Ọ̀rọ̀ lásán ni lẹ́nu obìnrin náà. Ó ti gbàgbé rẹ̀ kí Bàbá Ìlédìí tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Àmọ́ ọkùnrin tó ti ń fọ ìlédìí fún ogún ọdún, tí wọ́n wá fi wé máṣíìnì, ṣé yóò sùn? Kò sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣẹ tó wà ní ìkóríta. Tẹ́lẹ̀, kì í lò tó ìṣẹ́jú kan níbẹ̀: á na ọwọ́ sí ọṣẹ gbọọrọ rẹ̀, á sanwó, á jáde. Lọ́jọ́ yẹn ó dúró síwájú pẹpẹ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Bẹ́ẹ̀ ni pẹpẹ náà lè da orí ẹnikẹ́ni rú! Ọ̀rá pupa, ọ̀rá aláwọ̀ ewé, ìgò olómi, páálí tó ní ìràwọ̀ lára, oníkálukú ń pariwo pé òun nìkan ló mọ aṣọ í fọ̀.

"Bàbá Ìlédìí, ẹ ń yan ọṣẹ bí ẹni ń yan ìyàwó," ni obìnrin ọlọ́ṣẹ wí.

"Nígbà tí mò ń yan ìyàwó, n ò pẹ́ tó báyìí."

"Ìyàwó yín náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kí lẹ ń wá gan-an?"

"Èyí tó ń ta sánsán. Ti ìlédìí ni."

Obìnrin náà kó mẹ́ta síwájú rẹ̀, gbogbo wọn lẹ́búlẹ́bú. Àkọ́kọ́ kò ní òórùn rárá, ọ̀rá funfun lásán. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èkejì ń ta imú bí oògùn ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta wà nínú ọ̀rá aláwọ̀ osùn, wọ́n ya àwòrán ọmọ kan sí i lára, ọmọ tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín dé etí. Nígbà tó gbé e súnmọ́ imú, òórùn náà kọ lù ú tayọ̀tayọ̀.

"Ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ o," ni ọlọ́ṣẹ wí. "Ẹ kà á kí ẹ tó mú un."

Àwọn lẹ́tà náà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà, awò ojú rẹ̀ sì wà nílé. Ó yí ọ̀rá náà padà, ó wo ọmọ inú àwòrán.

"Ọmọ yìí ń rẹ́rìn-ín. Bí ọṣẹ náà bá ń ta á lára, ṣé á máa rẹ́rìn-ín?"

"Fọ́tò nìyẹn, Bàbá. Ta ló ń fi ọṣẹ fọ fọ́tò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó gbé e lọ.

Ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, ó da ìwọ̀n ife kan sí omi kejì. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ta sánsán! Inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọdé. Ó ṣan án nínú omi kẹta, òórùn náà ṣì wà. Ó ṣan án nínú omi kẹrin, ó gbé e sí imú: kò sí nǹkan kan. Omi kẹrin ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, bó ṣe máa ń kó gbogbo nǹkan lọ.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí! Ohun tó sọ ọ́ di ẹni iyì láti ogún ọdún wá ni kò jẹ́ kí iyì tuntun yìí wọlé. Ó dúró ti ọpọ́n kẹrin fún ìgbà díẹ̀. Ó mọ ìdí tí omi yẹn fi wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ní ìfọ̀ kejì, ó da ife méjì dípò ẹyọ kan, ó ṣan ìlédìí dé omi kẹta, ó fún un, ó sá a sórí okùn. Ọpọ́n kẹrin wà níbẹ̀ ní gbígbẹ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé omi kẹta yẹn náà pọ̀ dáadáa.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni aránṣọ ké nígbà tó gbóòórùn ẹrù náà. "Báyìí ni! Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ni," ló dá a lóhùn. Kò sọ pé òun ti pààrọ̀ ọṣẹ. Ẹni tí wọ́n ń yìn kì í fẹ́ kí wọ́n yin ọ̀rá.

Ní ilé mẹ́rin yòókù náà, ìyìn ni. Bàbá Ìlédìí ń rìn nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Lóòótọ́, àárín ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yún un, awọ ibẹ̀ sì ń bó. Ó ní ọjọ́ ogbó ló dé. Lóòótọ́, ó ṣàkíyèsí pé bí omi bá kán sórí ìlédìí tó ti gbẹ, ńṣe ló ń yí kiri lórí rẹ̀ kó tó wọlé. Ó rí i, ó sì wo ibòmíràn.

Ọjọ́ kọkànlá, Ọjọ́bọ̀ ni, láti orí àtẹ̀gùn ló ti ń gbọ́ igbe ọmọ. Kì í ṣe igbe ebi, kì í ṣe igbe oorun. Igbe tó ń gún ni bí abẹ́rẹ́ ni. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Aṣọ tí wọ́n rán dé ìdajì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ọmọ náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ, ìdí rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ìyá ọkọ, tí gbogbo ilé ń pè ní Màámi, jókòó sórí àpótí ní kọ̀rọ̀, ìgò òróró àgbọn kékeré kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo sọ, àbí n ò sọ?" ni aránṣọ ń wí. "Mo ní kí ẹ yéé fi òróró yẹn pa á lára! Nọ́ọ̀sì bi mí lónìí pé kí ni tuntun tó kan ara ọmọ yìí. Kí ni tuntun nínú ilé yìí, bí kì í bá ṣe òróró yín?"

"Òun ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ," ni Màámi wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọmọ mẹ́fà ni mo fi tọ́."

"Bóyá ara tiwọn le! Ti ọmọ mi ò le! Màámi, ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe!"

Bàbá Ìlédìí wò ó pẹ̀lú. Ìdí ọmọ náà pọ́n, ó bó, ó yọ kókó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tí ojú rẹ̀ lọ lẹ́yìn náà ni kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ẹ̀yìn ọmọ náà ń dán fún òróró, apá rẹ̀ ń dán, ọrùn rẹ̀ ń dán, kò sí kókó kan lára wọn. Ibi tí pípọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbàdí àti ibi tó parí sí ní itan, ó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Ààlà ìlédìí ni.

Ó mọ̀. Kò sí pé bóyá, kò sí pé àbí.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó," ni aránṣọ yíjú sí i, omi lójú. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá aṣọ ọmọ bọ̀ látọjọ́ yìí, ṣé irú òróró yìí dáa lára ọmọ?"

Ó la ẹnu. Ohun tó fẹ́ sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ní òun tilẹ̀ ń tọ́ ọ wò. Ohun tó jáde ni:

"Ara ọmọdé... ara ọmọdé ò kúkú gba gbogbo nǹkan."

"Ẹ gbọ́, Màámi? Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ̀?"

Màámi wo Bàbá Ìlédìí díẹ̀, kì í ṣe ìwò ìbínú, ìwò ẹni tó ń gbìyànjú láti lóye nǹkan ni. Ó mú ìgò náà, ó dé e, ó fi ìkángun aṣọ rẹ̀ nu ìdí ìgò náà.

"Bàbá ọmọ ti gbọ́," ni aránṣọ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ti pè é. Ó ní kí Màámi máa lọ sílé ná, títí ara ọmọ á fi yá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ẹsẹ̀ Bàbá Ìlédìí ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni obìnrin náà tún pè é láti òkè: "Ẹ ṣeun o, Bàbá! Ti òní yìí tún ta sánsán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

Nígbà tó délé, kò bọ́ bàtà. Ó já ìlédìí kan lórí okùn, èyí tó gbẹ tán, ó bu omi sínú abọ́ funfun, ó jù ú sí i, ó rú u. Ìfófòó gbá jọ lẹ́tí abọ́, ó nípọn, ó sì ń ta sánsán. Ó dà á nù, ó bu omi mìíràn. Ó tún hó. Omi kẹta ló ń rú lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé ìtẹ̀wé ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Dúdú tàdáwà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, àwàdà kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé ìlédìí lẹ ń sè ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ fún un: ọṣẹ, omi kẹrin, ìdí ọmọ, Màámi, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun jáde. Ìyàwó rẹ̀ fi ìdí lé pèpéle.

"Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe," ló wí. "N ó padà sí ọṣẹ mi. N ó tún gbogbo ìlédìí ibẹ̀ ṣan lọ́la títí kò fi ní hó mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ara ọmọ á dá. Kò sẹ́ni tó nílò láti gbọ́ nǹkan kan."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ máa kó o lọ?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Ọjọ́ tí Màámi ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀," ni ìyàwó wí. "Ìyá àgbà jáde lówùúrọ̀ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ajé, ara ọmọ dá. Ta ni wọ́n á sọ pé ó jẹ̀bi?"

Bàbá Ìlédìí yọ ọwọ́ kúrò nínú omi.

"Lónìí, wọ́n ń fura sí obìnrin yẹn ni. Ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ lọ dá ẹjọ́ náà fún wọn tán. Títí á fi kú, kò ní gbé ọmọ kankan nínú ilé yẹn mọ́. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀; àmọ́ n ò mọ̀ pé ilé mi ni wọ́n ti ń pọ́n idà."

"Bí mo bá sọ ọ́, ilé márààrún ló máa kó ẹrù wọn!"

"Wọ́n lè kó o."

"Ogún ọdún, ìyá wọn! Ogún ọdún!"

"Mo mọ̀. Èmi ni ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún." Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan an léjìká. "Ọṣẹ ló ṣe ọmọ yẹn. Ẹ ò mọ̀, kò burú. Ṣé ọṣẹ náà ló sọ pé ara ọmọdé ò gba gbogbo nǹkan?"

Ó ní ọ̀rọ̀ yìí dùn òun ju èébú lọ, torí pé ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àtàárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ìlédìí olówùú búlúù, ìyẹn ti aránṣọ, ló ń ṣan. Omi méje! Mo ní kó tún un sọ fún mi, ó sì tún un sọ: omi méje kí omi tó dákẹ́. Gbogbo omi tó bá hó, ojú Màámi ló ń rí nínú rẹ̀, ojú tó ń gbìyànjú láti lóye. Ó gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ní omi kẹta, ọ̀rọ̀ náà gùn, àwíjàre pọ̀ nínú rẹ̀: ẹ̀yin lẹ ní kó máa ta sánsán, ọlọ́ṣẹ ló tà á fún mi, lẹ́tà wọn ti kéré jù. Ní omi keje, kò ku nǹkan kan ju gbólóhùn méjì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gun àtẹ̀gùn náà. Báàgì Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, okùn ti wà lára rẹ̀. Màámi ti wọ bàtà. Ọmọ wà lọ́wọ́ aránṣọ, Màámi sì ń fi ìka kan ra á lẹ́rẹ̀kẹ́, kò gbé e.

"Ọkọ mi," ló ń wí fún ọmọ náà, "má jẹ́ kí ìyá rẹ rẹ̀ jù."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," ni aránṣọ wí. "Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn. Màámi ti ń lọ sí gárééjì."

"Ẹ má lọ, Màámi," ni Bàbá Ìlédìí wí. "Òróró yín kọ́. Èmi ni. Mo pààrọ̀ ọṣẹ, mo dín omi tí mo fi ń ṣan án kù kí òórùn rẹ̀ má bàa lọ, ọṣẹ náà ló wà lára ìlédìí tó ń jẹ ọmọ lára. Mo sì ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ tí mo dúró síbí."

Gbólóhùn méjì ló rò, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ilé, oníbàtà ń lu ìṣó.

"Kí lẹ wí?" Aránṣọ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

Ó béèrè abọ́ àti omi. Ó mú ìlédìí kan nínú àwọn ti Ọjọ́bọ̀ tí wọn kò tíì lò, ó rú u níwájú wọn. Ó hó. Ó mú ọ̀kan nínú ti òní, ó rú u nínú omi mìíràn. Kò hó. Aránṣọ wo abọ́ náà, ó tú ìdí ọmọ rẹ̀ wò, ó sì rí ààlà náà fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu.

"Èmi ni mo ní kó máa ta sánsán," ló wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, ó sì dé tipátipá. "Àmọ́ mo bi yín! Mo fi ẹnu mi bi yín, níbí yìí! Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀sí lọ ìyá ọkọ mi lójú yín, ẹ tún ràn mí lọ́wọ́! Màámi..." Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó kàn gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Màámi gbà á, ó tẹ́ ẹ sí èjìká, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ó wá yíjú sí Bàbá Ìlédìí.

"Ìyàwó mi pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní mo fẹ́ pa ọmọ."

"Màámi, mi ò sọ bẹ́ẹ̀..."

"O sọ ọ́, ọmọ mi, jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkùnrin náà. "Fóònù ni wọ́n fi bà mí jẹ́ lójú ọmọ tí mo bí. Ìwọ náà á fi fóònù tún un ṣe. Pè é."

Aránṣọ tẹ nọ́ńbà náà, ó nà án sí i. Ọwọ́ Bàbá Ìlédìí ti bó láàárín ìka. Ó gbà á bí ẹni gba ẹyin iná. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n gbé e.

"Ìyàwó mi, ṣé Màámi ti dé gárééjì?"

"Èmi kọ́ ni ìyàwó yín," ni Bàbá Ìlédìí wí. "Èmi ni alágbàfọ̀ tó ń fọ ìlédìí ọmọ yín." Ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ní Ọjọ́bọ̀. Kò dárúkọ ọlọ́ṣẹ, kò sọ ti lẹ́tà kékeré. Nígbà tó parí, ó rò pé fóònù ti gé. Ohùn ọkùnrin náà wá jáde, ó ti fẹ́lẹ́:

"Ẹ fún màámi mi ní fóònù."

Màámi gbà á, ó gbé ọmọ àti fóònù wọ yàrá inú. Wọn ò gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ. Ti Màámi ni wọ́n gbọ́: "Mo ti gbọ́... Rárá, má sunkún... Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Nígbà tó jáde, ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn ara báàgì rẹ̀.

"Màámi," ni Bàbá Ìlédìí wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ti ọṣẹ, mo ti dárí jì ọ́. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni." Okùn náà le, ó ń fi eyín fà á. "Ti èkejì, jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ẹrù mi."

Láti ibẹ̀, ó lọ sí ilé mẹ́rin yòókù, ó sọ ọ́ ní ilé kọ̀ọ̀kan, lórí ìdúró. Ilé méjì kó ìlédìí wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé aránṣọ kò kó tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń rú gbogbo ìlédìí nínú abọ́ kó tó gbà á, lójú rẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Ara ọmọ dá kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Màámi ṣì wà níbẹ̀, ó ń fi òróró pa á lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí. Bí Bàbá Ìlédìí bá gbé ẹrù dé, ó máa ń kí Màámi, Màámi a sì dá a lóhùn pé, "Hẹn, o káàárọ̀, alágbàfọ̀." Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ìlédìí, Màámi nìkan ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi béèrè lọ́wọ́ Màámi bóyá ó ti dárí ji òun tán.

Ó ní òun kò tíì tó ẹni tó ń béèrè.